Ọmọ Àgbàtọ́ Ń Re Òkè Òkun: Kí Ni Kí A Dì Sínú Ẹrù Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò ta kókó fún ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti sùn nínú ilé méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òkè òkun pẹ̀lú àwọn òbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ilé wo ni yóò máa rántí? Ọ̀nà wo ni yóò gbà padà síbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó gbà mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, òun náà ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa òǹkàwé.

Tọkọtaya kan ni ó wá sí ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ìtòsí Fájuyì, ní Adó-Èkìtì níbí, ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi rí. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, wọn kò sì rí ọmọ bí. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n gba ọmọbìnrin kan láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, kóòtù sì fi àṣẹ sí i pé ọmọ wọn ni. Kì í ṣe ọmọ ìkókó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Iṣẹ́ ti wá yọ fún ìyàwó ní ilẹ̀ Kánádà, gbogbo ilé sì ń múra àti lọ.

"Ọ̀gá mi," ni ọkọ wí, "ẹ bá wa wá orúkọ tí kò ní wúwo lẹ́nu àwọn òyìnbó. Orúkọ àmútọ̀runwá ni ọmọ yìí ń jẹ́, ayé àtijọ́ sì ti pọ̀ jù lára rẹ̀. A fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Bí a bá dé ọ̀hún, a ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé àwa ni a bí i. Kí ni a tún ń rán an létí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí sí?"

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà n kò bá a wí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bèèrè: "Ǹjẹ́ ẹ ti bi ọmọ náà léèrè?" Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọmọ náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá àwọn ọmọ mi ta ayò. A pè é. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Nígbà tí mo bi í bóyá yóò fẹ́ kí a fún òun ní orúkọ mìíràn, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé: "Sà, bí ẹ bá pa orúkọ mi dà, báwo ni màmá àgbà yóò ṣe mọ̀ pé èmi ni, bí wọ́n bá ń wá mi?"

Ìyá tí ó gbà á tọ́ la ẹnu, kò lè pa á dé. Kò mọ̀ rárá pé ọmọ náà ní ìyá àgbà kan tí ó ń rántí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú gbólóhùn ọmọ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọmọ tí a gbà tọ́ láti ìkókó, àwa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti gbọ́njú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ní ẹni tí ó ń rántí, ó ti ní ohùn kan tí ó ń gbọ́ lójú àlá. Kì í ṣe wàláà tí a lè fọ̀ nù kí a sì kọ ohun mìíràn sí i.

Gbígba ọmọ tọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnìkan ni í bímọ, igba ènìyàn ni í tọ́ ọ. Ìyá àgbà ń gba ọmọ-ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń gba ọmọ àbúrò, tíṣà tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn a sì mú ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání kí ó lè rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Mélòó nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí Èkìtì fi ń yangàn ni kò gbé ilé tíṣà tàbí ilé ẹ̀gbọ́n rí? Bí a bá ní kí wọ́n na ọwọ́ sókè, ọwọ́ yóò pọ̀.

Àmọ́ ṣá o, àwọn baba wa kò fi ojú kan náà wo gbogbo ọmọ tí ó ń gbé ilé onílé. Ìwọ̀fà wà: gbèsè ni ó gbé e wá, ọjọ́ tí gbèsè bá tán ni yóò padà sílé. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà: iṣẹ́ ni a gbà á fún. Ọmọ àgbàtọ́ yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ẹ̀kọ́, ìtọ́jú àti ìfẹ́ ni ó gbé e wá, ohun tí ọmọ inú ilé bá ń jẹ ni òun náà ń jẹ, pàṣán tí ó bá ba ọmọ inú ilé ni ó ń bà á. Síbẹ̀síbẹ̀, kò sí alágbàtọ́ gidi kan tí ó jẹ́ sọ pé ọmọ náà kò ní orírun mìíràn. Ìdí rẹ̀ hàn kedere. Bí a kò bá mọ ìdílé tí ọmọ ti wá, báwo ni a ó ṣe mọ èèwọ̀ rẹ̀? Báwo ni a ó ṣe mọ oríkì orílẹ̀ tí a ó fi kí i bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́? Bí ó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó, tí alárinà ń wádìí ọ̀rọ̀, báwo ni a kò ṣe ní fi ọmọ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀? Àṣà wa fi ilé kún ilé fún ọmọ àgbàtọ́, kì í fi ilé kan pa ilé kejì rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn, nítorí bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń bá alágbàtọ́ kọjá òkun.

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lẹ́rú. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá, ti ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí Sàró, níbi tí àwọn míṣọ́nárì ti tọ́ ọ. Ní ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó di Samuel Crowther. Ní ọdún 1826, wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Islington, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó padà sí Sàró láti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní ọdún 1827.

Orúkọ tuntun wọlé, ṣùgbọ́n èdè kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1843, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fi ojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń pe òun ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun máa ń pe òun nígbà èwe. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé: ìyá àgbà náà ti kú sínú oko ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí ó fi kẹ́ ọmọ kò kú. Ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, òun sì ni aṣáájú àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Bí wọ́n bá ti fọ èdè náà kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní Sàró tàbí ní Islington, ta ni ìbá ṣe iṣẹ́ yẹn?

Ọmọ kejì tí mo fẹ́ kí a rántí jẹ́ obìnrin. Ní ọdún 1848, ogun Dàhòmì jà ní Òkè-Òdàn, ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n sì mú ọmọdébìnrin kan lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn òbí rẹ̀. Àìná ni wọ́n ń pè é, orúkọ àmútọ̀runwá bákan náà, ti ọmọbìnrin tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn wá sáyé. Ní ọdún 1850, ọ̀gágun ojú omi kan tí ń jẹ́ Frederick Forbes, tí ó wa ọkọ̀ Bonetta, dé ààfin Ọba Gezo ní Abomey láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún méje nígbà náà. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Ẹ gbọ́ ná: orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni ó fi sọ ọmọ ènìyàn!

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1850, Forbes mú un lọ síwájú Ọbabìnrin, ọbabìnrin sì gbà láti máa sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Kò ṣe aláìní aṣọ, kò ṣe aláìní ẹ̀kọ́, kò ṣe aláìní ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń gbé e kiri. Ní ọdún 1851, wọ́n ní otútù kò bá a lára mu, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ní ọdún 1855, wọ́n ní kí ó tún máa bọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 1862, ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Brighton. Nínú ìwé ìgbéyàwó yẹn, orúkọ kan tún yọ jáde ṣáájú Sarah, ṣáájú Forbes, ṣáájú Bonetta: Ina ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún méjìlá lẹ́yìn tí a ti fi orúkọ ọkọ̀ bo Àìná mọ́lẹ̀, Àìná hù. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880, kò ì pé ogójì ọdún.

Láti ọdún 1950 sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ti bímọ síbẹ̀, tí iṣẹ́ alẹ́ àti ẹ̀kọ́ ọ̀sán kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè, wọn a kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Wọ́n rò pé àgbàtọ́ ti ilé ni. Ṣùgbọ́n àgbàtọ́ ti ilé kì í ṣe láàárín àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ rí ìfẹ́ gidi lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí ó tọ́ wọn, a kò gbọdọ̀ sẹ́ oore. Àwọn mìíràn sì padà sọ́dọ̀ òbí wọn láìgbọ́ èdè ìyá wọn, wọ́n di àlejò nínú ilé baba wọn. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje fi irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀, èyí tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí, ṣe fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 2018.

Èyí tí ó burú jù ni ti Victoria Climbié, ọmọ orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Ní ọdún 1998, ìbátan baba rẹ̀ kan bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé. Àwọn òbí gbà, nítorí àṣà wọn bá tiwa mu: ta ni kò ní fi ọmọ lé ẹbí lọ́wọ́ kí ọmọ lè ríṣe? Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1999, obìnrin náà mú un wọ ìlú Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tí ó ní orúkọ ọmọ mìíràn nínú. Anna ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn dókítà àti àwọn ọlọ́pàá rí i, Anna ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò ṣe é fẹnu sọ. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2000, ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kóòtù sọ obìnrin náà àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé sí ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún 2001. Ìwádìí tí Olúwa Laming ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2003, ni ó ṣí ọ̀nà fún òfin tuntun lórí ààbò ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004.

N kò fi tọkọtaya tí ó wá bá mi wé ìkà ènìyàn wọ̀nyẹn o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí irú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, orúkọ náà sì ni odi rẹ̀. Ọmọ tí a bá gba orúkọ rẹ̀, tí a sì fi irọ́ rọ́pò rẹ̀, a ti mú un kúrò lójú gbogbo ẹni tí ìbá béèrè rẹ̀.

Kí ni òfin wí? Ìsọdọmọ lábẹ́ òfin kò pẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn àtijọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀ ní ọdún 1965, Ìpínlẹ̀ Èkó tẹ̀ lé e ní ọdún 1968. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì sọ tirẹ̀ di òfin ní ọdún 2006. Òfin àpapọ̀ yìí ní ẹni tí yóò sọ ọmọ dọmọ gbọdọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó kéré tán, kí ó sì fi ọdún mọ́kànlélógún ju ọmọ náà lọ. Ó gbọdọ̀ ti fi tó òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ìgbáyé-gbádùn létí ní oṣù méjìlá ṣáájú, ọmọ náà sì gbọdọ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko kí kóòtù tó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ tí àṣẹ bá ti jáde, gbogbo ẹ̀tọ́ àti ojúṣe òbí kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á. Níbi yìí ni òfin àti àṣà ti yà: òfin gé okùn, àṣà so okùn kún okùn.

Síbẹ̀, òfin àgbáyé kò jìnnà sí ọgbọ́n àwọn baba wa. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ní ọdún 1989, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1991, sọ ọ́ ní abala kẹjọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀. Abala kejìlá ní kí a gbọ́ ti ẹnu ọmọ nínú ọ̀ràn tí ó kàn án. Abala ogún ní kí a ro ti ẹ̀yà, ẹ̀sìn, àṣà àti èdè rẹ̀ bí a bá ń wá ilé tuntun fún un. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn bèèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kò ju èyí lọ.

Ó yẹ kí àwọn tí ń múra ìrìnàjò tún mọ èyí pẹ̀lú. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wọ àdéhùn ìlú Hague ti ọdún 1993 lórí sísọ ọmọ ilẹ̀ kan dọmọ ní ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, àṣẹ kóòtù wa nìkan kò tó fi ṣílẹ̀kùn níbi gbogbo. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdènà lé sísọ ọmọ Nàìjíríà dọmọ wọ ilẹ̀ wọn. Kí nìdí? Nítorí àwọn kan láàárín wa ti sọ ọmọ di ọjà. Ilé ìgbẹ̀bí ayédèrú wà, ìwé irọ́ wà, àwọn tí ń ta ìkókó bí ẹni ta iyán wà. Bí a bá sọ pé àwa ni a bí ọmọ tí a kò bí, kódà pẹ̀lú ọkàn rere, a ti bá àwọn ọ̀daràn wọ ẹ̀wù kan náà. Òṣìṣẹ́ tí ó dúró sí pápákọ̀ òfurufú kò rí ọkàn wa, ìwé wa ni ó ń rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò jiyàn. Wọn yóò ní, "Bí àwọn ẹbí tí ó bí ọmọ náà bá wá ń fi í tọrọ owó ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́ kí ó tó dé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ńkọ́?" Òótọ́ ni, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé bí ọmọ bá mọ ilé kejì, ìfẹ́ rẹ̀ yóò pín sí méjì. Ìbẹ̀rù ẹni tí ó wá ọmọ fún ọdún mẹ́tàlá kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Èsì mi rèé. Mímọ ọ̀nà yàtọ̀ sí rírìn ín. A kò sọ pé kí òbí ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọ jẹun, a kò sì ní kí a dá ọmọ padà sọ́wọ́ ẹni tí ó lù ú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ ibi tí òun ti wá kò fi ẹnikẹ́ni sínú ewu. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ni ewu, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ti mọ òtítọ́ náà ná. Bí a bá ní kí ó máa pa á mọ́, irọ́ ni a kọ́ ọ ní ilé tuntun, irọ́ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ní ti ìfẹ́ tí yóò pín, àwọn àgbà ti dáhùn tipẹ́: ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ọmọ tí a kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún ni ó rọrùn fún láti sin ni.

Kí ni kí a dì sínú ẹrù ọmọ náà, nígbà náà? Kí a di orúkọ rẹ̀ sí i lákọ̀ọ́kọ́. Bí ó bá wu òbí tuntun láti fún un ní orúkọ, kí wọ́n fi kún un, kí wọ́n má fi rọ́pò. Èdè wa ní ọgbọ́n fún èyí: oríkì kì í lé orúkọ kúrò nílé. A kúkú ní Àṣàkẹ́, ọmọ tí a ṣà láti kẹ́. A ní Àdùkẹ́, ọmọ tí a ń dù láti kẹ́. Oríkì wo ni ó tún bá ọmọ àgbàtọ́ mu ju ìwọ̀nyí lọ?

Kí a di ìtàn rẹ̀ sí i: ìlú tí ó ti wá, orúkọ àwọn tí ó bí i bí a bá mọ̀ wọ́n, ọjọ́ tí ó wọ ilé wa àti bí inú wa ti dùn tó. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé kan tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Kí a di èdè rẹ̀ sí i. Ní Kánádà, ilé-ẹ̀kọ́ yóò fún un ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ èdè Èkìtì fún un bí kò ṣe bàbá àti ìyá nínú ilé. Kí a di ènìyàn sí i, ẹni kan nílé tí yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ẹni kan tí yóò retí rẹ̀ nígbà ọdún Ùdìrókò. Kí a sì di ìwé òtítọ́ sí i, àṣẹ kóòtù àti ìwé ìbí tí kò ní irọ́ nínú.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì yín, ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àgbàtọ́ bú u. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbọ́, ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn lẹ́nu yín lè jẹ́ ọgbẹ́ lọ́kàn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin àgbà ẹbí, ọmọ tí ó bá ti wọlé ti wọlé. Ẹ má ṣe di ọjọ́ ogún pípín kí ẹ tó béèrè ta ni ó bí i.

Ní ti tọkọtaya wa, wọ́n padà tọ òṣìṣẹ́ tí ó mójú tó ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ wádìí. Ìyá àgbà náà wà láàyè ní abúlé kan. Ojú ti ń ṣe é, agbára kò sí mọ́, òun ni kò fi lè tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n mú ọmọ náà lọ kí i kí wọ́n tó rìn. Màmá fi ọwọ́ wá ojú ọmọ, ó pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ki oríkì ìdílé rẹ̀ fún un, ìyá tuntun sì fi ẹ̀rọ gba ohùn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá yí sí tọkọtaya, tí ó súre fún wọn bí ẹni súre fún ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n ti wà ní Kánádà báyìí. Orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ náà wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, Àṣàkẹ́ sì ni ìyá rẹ̀ ń pè é nínú ilé.

Bí mo bá ń kọjá ní Fájuyì, mo máa ń rántí ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni olórí ìjọba ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì gba Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi lálejò ní Ìbàdàn ní oṣù Keje, ọdún 1966. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun wá mú àlejò rẹ̀, òun àti àlejò ni wọ́n sì jọ pa. Ìtàn tí Èkìtì fi ń kọ́ ọmọ ni pé Fájuyì kò jẹ́ jọ̀wọ́ ẹni tí ó wà ní abẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò, mélòó mélòó ni ọmọ? Gbogbo rẹ̀ ni kí a gbà, orúkọ rẹ̀, èdè rẹ̀, àti ìyá àgbà rẹ̀.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ó wà lájò rí ọ̀nà ilé. Àṣẹ.